Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Ísírẹ́lì àti Palẹ́sítínì: òfin wà nílẹ̀, kí ló wá dé tí àlàáfíà ò dé?

Ìròyìn Gásà ò ní í pẹ́ jáde tí ìjà á fi bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp: ẹni tó ń gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì torí Bíbélì, ẹni tó ń gbè sẹ́yìn Palẹ́sítínì torí Mọ́sálásí Al-Aqsa, àti ẹni tí ò mọ nǹkan kan níbẹ̀ àmọ́ tó ń fọ́wádì fídíò kiri. Ọ̀rọ̀ òfin la fẹ́ bá yín sọ níbí. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù nìyí, ìdáhùn kan á gùn, òmíràn ò ní í gùn, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wúwo sí ni.

Ṣebí Ọlọ́run ló fún Ísírẹ́lì nílẹ̀ náà? Kí ni ti òfin níbẹ̀?

Ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin àti pásítọ̀ yín. Kóòtù ò lè fi ìwé Jẹ́nẹ́sísì dá ẹjọ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ò lè fi hádíìsì dá a. Lójú òfin, orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Ísírẹ́lì lónìí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù karùn-ún 1948, ó wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìyẹn UN, ní 1949, ẹ̀tọ́ tó ní láti wà ò sì yàtọ̀ sí ti Gánà tàbí ti Jámánì. Kì í ṣe pé ṣé kó wà tàbí kó má wà ni wọ́n ń jà lé lórí ní kóòtù, ibi tí ilẹ̀ ẹ̀ parí sí ni.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ yéé sọ ọ́ bí ẹni pé Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí ló ń jà. Kírísítẹ́nì wà nínú àwọn ará Palẹ́sítínì láti ayébáyé. Ẹ bi àwọn tó ti lọ gba JP wò. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí wọ́n ti bí Jésù ò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá lọ sí Jerúsálẹ́mù, àmọ́ kí bọ́ọ̀sì tó débẹ̀ á kọjá lára ògiri kọnkéré kan tí ibòmíì lára ẹ̀ ga tó mítà mẹ́jọ, ṣọ́jà Ísírẹ́lì á wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìbọn, tí ẹ bá sì ti bọ́ sí òdì kejì, àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi kun ògiri náà lẹ máa kọ́kọ́ rí. Pílígírímù láti Nàìjíríà á kọjá wẹ́rẹ́. Kírísítẹ́nì tí wọ́n bí sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù gan-an, tó bá fẹ́ lọ ṣọdún Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbi ibojì Jésù ní Jerúsálẹ́mù, àfi kó gba pámíìtì lọ́wọ́ Ísírẹ́lì kó tó lè lọ.

Ta ló dá wàhálà yìí sílẹ̀?

Òyìnbó kan náà tó da ilẹ̀ tiwa pọ̀ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ti wà lábẹ́ ìjọba Ọ́tómánì ti Tọ́kì fún bíi 400 ọdún, ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́ ni Arthur Balfour, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì, kọ lẹ́tà kan lọ́jọ́ 2 oṣù kọkànlá 1917 pé ìjọba òun fara mọ́ ọn kí àwọn Júù ní ibùgbé tiwọn ní Palẹ́sítínì, ó tún wá sọ nínú lẹ́tà yẹn náà pé nǹkan kan ò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀tọ́ àwọn tí kì í ṣe Júù tó ti ń gbé níbẹ̀. Ìlérí méjì nínú lẹ́tà kan, kò sì sọ bí wọ́n ṣe máa mú méjèèjì ṣẹ. Nígbà tí apá Gẹ̀ẹ́sì ò ká a mọ́, wọ́n jù ú lé UN lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 29 oṣù kọkànlá 1947, UN dìbò lórí ìpinnu 181 pé kí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì, ti Júù àti ti Lárúbáwá, kí Jerúsálẹ́mù wà lábẹ́ àbójútó gbogbo àgbáyé. Orílẹ̀-èdè 33 ní bẹ́ẹ̀ ni, 13 ní rárá, 10 ò dá sí i. Àwọn Júù gbà, àwọn Lárúbáwá ní àwọn ò gbà, ogun bẹ̀rẹ̀.

Kí ogun náà tó rọlẹ̀ ní 1949, ó ti lé ní 700,000 ará Palẹ́sítínì tó sá tàbí tí wọ́n lé kúrò nílé wọn. Nakba, ìyẹn àjálù ńlá, ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ilẹ̀kùn tó mú kọ́kọ́rọ́ dání, torí wọ́n rò pé ọjọ́ mélòó kan làwọn máa lò, títí dòní lẹ ṣì máa ń rí kọ́kọ́rọ́ irin ńlá ayé àtijọ́ yẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n bá ń ṣe ìwọ́de. Ìpinnu 194 ti oṣù kejìlá 1948 ní kí ẹni tó bá fẹ́ padà sílé kó sì bá aládùúgbò ẹ̀ gbé ní ìrọ̀rùn padà. Ísírẹ́lì ò gbà kí wọ́n padà. Àwọn Júù tó ń gbé ní Ìráàkì, ní Yemen, ní Íjíbítì náà fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, àwọn èèyàn kì í sì í fẹ́ rántí ìyẹn tí wọ́n bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 1967 ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ?

Torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ tó wà ní kóòtù títí dòní ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà péré ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Ísírẹ́lì gba West Bank, ìyẹn ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, àti Ìlà-Oòrùn Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ Jọ́dánì, ó gba Gásà àti Sínáì lọ́wọ́ Íjíbítì, ó sì gba òkè Golan lọ́wọ́ Síríà. Ní oṣù kọkànlá, Ìgbìmọ̀ Ààbò UN ṣe ìpinnu 242: kò sẹ́ni tó lè fi ogun gba ilẹ̀ kó wá di tiẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lágbègbè yẹn ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé láìsí pé ẹnì kan ń halẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ìpàdé àlàáfíà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, orí gbólóhùn méjì yìí ni wọ́n dúró lé.

Ti àwọn ìletò tí Ísírẹ́lì kọ́ fún àwọn èèyàn ẹ̀ sórí ilẹ̀ tó gbà yẹn wá ńkọ́? Àdéhùn Geneva Kẹrin ti 1949, abala 49, sọ pé ìjọba tó bá fi ṣọ́jà gba ilẹ̀ onílẹ̀ ò gbọdọ̀ kó ará ìlú tiẹ̀ wá síbẹ̀ wá máa gbé. Ìtàn kan wà níbí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1967, ìjọba Ísírẹ́lì bi lọ́yà tó ń gba wọn nímọ̀ràn ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè bóyá àwọn lè kọ́ ìletò síbẹ̀. Theodor Meron lorúkọ ẹ̀, Júù tí wọ́n bí ní Póláńdì, tó jìyà lọ́wọ́ àwọn Násì nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó kọ ọ́ sí wọn ní ìwé àṣírí pé rárá o, ó tako Àdéhùn Geneva. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n kọ́ ìletò. Lónìí ó ti tó 700,000 ọmọ Ísírẹ́lì tó ń gbé ní West Bank àti Ìlà-Oòrùn Jerúsálẹ́mù. Meron fúnra ẹ̀ di adájọ́ àgbà níbi tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ogun Yugoslavia, àti ní 2024, nígbà tó ti lé ní ẹni 90 ọdún, ó wà lára àwọn tó bá ICC, kóòtù àgbáyé tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ogun, wo ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ Gásà. Torí náà ẹni tó bá ń sọ pé òfin yìí ò yé àwọn èèyàn nígbà yẹn, ó yé wọn dáadáa.

Ohun tí Ísírẹ́lì máa ń sọ ni pé ilẹ̀ náà ò ní orílẹ̀-èdè tó ni ín gan-an kí àwọn tó gbà á, pé ilẹ̀ ìjà ni, kì í ṣe ilẹ̀ onílẹ̀. Kóòtù Àgbáyé, ìyẹn ICJ, gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì gbà á.

Ísírẹ́lì àti Palẹ́sítínì ti bọ ara wọn lọ́wọ́ ní White House ní 1993, kí ló wá bà á jẹ́?

Àdéhùn Oslo nìyẹn, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà jù.

Ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ní Nọ́wè, àwọn èèyàn díẹ̀ láti ìhà méjèèjì, ìwé ìròyìn kankan ò gbọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1993 wọ́n kọ lẹ́tà sí ara wọn. Ẹ wo lẹ́tà yẹn dáadáa: Yasser Arafat, olórí PLO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Palẹ́sítínì, kọ̀wé pé PLO gbà pé Ísírẹ́lì lẹ́tọ̀ọ́ láti wà ní àlàáfíà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, Yitzhak Rabin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, dá a lóhùn pé òun gbà pé PLO ni aṣojú àwọn ará Palẹ́sítínì. Ẹnì kan gba orílẹ̀-èdè wọlé, ẹnì kejì gba ẹgbẹ́ wọlé. Lọ́jọ́ 13 oṣù yẹn, Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà, na apá méjèèjì lẹ́yìn wọn, Arafat nawọ́, Rabin lọ́ra díẹ̀ kó tó nà tiẹ̀, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́.

Àdéhùn kejì ní 1995 wá pín West Bank sí mẹ́ta. Apá A, ìjọba Palẹ́sítínì ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, àwọn ìlú ńlá bíi Ramallah àti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ló wà níbẹ̀. Apá B, ti Palẹ́sítínì ni ọ̀rọ̀ ìlú, ààbò di àjọṣe. Apá C, tó tó bíi 60 nínú 100 ilẹ̀ náà, ọwọ́ Ísírẹ́lì ló wà pátápátá, gbogbo ìletò sì wà níbẹ̀. Ọdún márùn-ún péré ló yẹ kí ètò yìí fi wà. Ó ṣì wà níbẹ̀ di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tó ti bàjẹ́ gan-an ni pé gbogbo nǹkan tó le, ta ló ni Jerúsálẹ́mù, ibo ni ààlà máa wà, ṣé àwọn tó sá ní 1948 máa padà, báwo ni ti ìletò, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n sún síwájú pé ó di ìkẹyìn. Wọ́n gbà láti máa kọ́lé lọ kí sọ̀fíyọ̀ tó wá wọn ilẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fọkàn tán ara wọn ná, àmọ́ àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn làwọn tí ò fẹ́ àlàáfíà lò. Ní oṣù kejì 1994, nínú ààwẹ̀ Ràmàdánì, Baruch Goldstein tó jẹ́ Júù wọ mọ́sálásí Ibrahimi ní Hébúrónì lásìkò ìrun àárọ̀, ó yìnbọn pa èèyàn 29. Hamas, ẹgbẹ́ ajagun Palẹ́sítínì tí ò fara mọ́ Oslo, náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tó so bọ́ǹbù mọ́ra wọ bọ́ọ̀sì ní Ísírẹ́lì, wọ́n ń pa ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ẹ̀. Iye àwọn tó ń gbé ní ìletò West Bank sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín 1993 sí 2000, nígbà tí wọ́n ṣì ń jókòó sọ̀rọ̀ àlàáfíà o. Lọ́jọ́ 4 oṣù kọkànlá 1995, bí Rabin ṣe ń kúrò níbi àpéjọ àlàáfíà ní Tel Aviv, Júù bíi tiẹ̀ yìnbọn lù ú lẹ́yìn, ó kú. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni ẹni tó pa á.

Ìpàdé àlàáfíà ti Camp David ní Amẹ́ríkà ní 2000 ńkọ́? Ṣé kì í ṣe Arafat ló kọ ẹ̀bùn?

Ehud Barak fi nǹkan tó pọ̀ ju ti gbogbo olórí Ísírẹ́lì tó ṣáájú ẹ̀ sílẹ̀, òótọ́ nìyẹn. Òótọ́ náà ni pé kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí kí Arafat lè buwọ́ lù ú, àti pé ọ̀rọ̀ Jerúsálẹ́mù ni gbogbo ẹ̀ fọ́ mọ́ lórí. Clinton dá Arafat lẹ́bi. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ìjà ìgboro bẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kú, wọ́n tún pàdé ní Taba ní oṣù kìíní 2001, ó kù díẹ̀, ìdìbò Ísírẹ́lì dé, Barak fìdí rẹmi.

Ṣé ìgbà kan wà tí àlàáfíà yọrí rárá?

Ó wà o. Anwar Sadat ti Íjíbítì àti Menachem Begin ti Ísírẹ́lì jókòó ní Camp David ní 1978 pẹ̀lú Jimmy Carter ti Amẹ́ríkà fún ọjọ́ 13, wọ́n buwọ́ lu ìwé ní oṣù kẹta 1979. Sínáì padà sọ́wọ́ Íjíbítì ní 1982, Ísírẹ́lì wó ìletò Yamit tó kọ́ síbẹ̀, ṣọ́jà Ísírẹ́lì ló fọwọ́ ara wọn wọ́ àwọn èèyàn wọn kúrò lórí òrùlé. Wọ́n pa Sadat torí ẹ̀ ní 1981, síbẹ̀ àdéhùn náà ò yẹ̀ títí dòní. Kí ló dé tí ìyẹn fi dúró? Ààlà ni wọ́n kọ́kọ́ parí, wọn ò sún nǹkan kan síwájú. Ẹ wá wò ó, ìwé kejì tí wọ́n buwọ́ lù ní Camp David yẹn dá lórí àwọn ará Palẹ́sítínì, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni pé ètò onígbà díẹ̀ máa wà fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ gidi. Ìyẹn ò lọ síbì kankan.

Kóòtù Àgbáyé àti ICC, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. Ìlú kan náà ni wọ́n wà, The Hague ní Nẹ́dálándì, àmọ́ ICJ ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín orílẹ̀-èdè, ICC ń mú èèyàn. ICJ ni kóòtù tó gba Bakassi lọ́wọ́ wa tó gbé e fún Kamẹrúùnù ní 2002. Ibẹ̀ náà ni Taslim Elias, ọmọ Èkó, ti jẹ́ ààrẹ láàárín ọdún 1982 sí 1985, tí Bọ́lá Ajíbọ́lá láti Abẹ́òkúta náà sì jẹ́ adájọ́.

ICJ lè dá ẹjọ́, ó sì lè fún UN ní ìmọ̀ràn òfin tí wọ́n bá bi í. Lórí Palẹ́sítínì, ó ti fún wọn ní ìmọ̀ràn mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká mú méjì níbẹ̀. Ní 2004 ó ní ògiri tí Ísírẹ́lì mọ gba inú West Bank tako òfin, adájọ́ 14 fara mọ́ ọn, ẹnì kan ṣoṣo ò fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ 19 oṣù keje 2024, ó ní gbígbé tí Ísírẹ́lì ń gbé lórí ilẹ̀ náà fúnra ẹ̀ ò bófin mu mọ́, kó kúrò níbẹ̀ ní kíá. Ìmọ̀ràn kì í de èèyàn bíi ti Bakassi, àmọ́ kò sí lọ́yà gidi kan tó máa fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹjọ́ gidi ni ti South Africa, tí wọ́n pè ní oṣù kejìlá 2023 pé Ísírẹ́lì fẹ́ pa ẹ̀yà run ní Gásà. Ọ̀pọ̀ fídíò ní kóòtù ti dá Ísírẹ́lì lẹ́bi. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù kìíní 2024, kóòtù pàṣẹ pé kó ṣe gbogbo nǹkan tó bá yẹ kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀, kó sì jẹ́ kí oúnjẹ àti oògùn wọlé. Aharon Barak tí Ísírẹ́lì fúnra ẹ̀ yàn síbẹ̀ fọwọ́ sí ti oúnjẹ yẹn. Ẹjọ́ gan-an á gba ọ̀pọ̀ ọdún: ti Bosnia àti Serbia, ọdún 14 ló gbà.

Ṣé Hamas ò rú òfin ni? Kí ló dé tó jẹ́ Ísírẹ́lì nìkan lẹ ń sọ?

Wọ́n rú u. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ 7 oṣù kẹwàá 2023, tí wọ́n wọ abúlé àti ibi ayẹyẹ orin, tí nǹkan bíi 1,200 èèyàn kú, tí wọ́n jí èèyàn 251 gbé lọ sí Gásà, títí kan ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, ọ̀ràn ogun ni lójú òfin yòówù kẹ́ ẹ lò. Jíjí èèyàn gbé wà nínú ohun tí Àdéhùn Geneva kọ̀ ní tààrà. Wọ́n tún ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí àárín ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà yẹn. Ísírẹ́lì sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbèjà ara ẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó ń gbèjà ara ẹ̀ náà ní òfin tó dè é. Ó gbọ́dọ̀ ya ajagun sọ́tọ̀ kúrò lára ará ìlú, kò gbọdọ̀ fi ebi jagun. Ilé iṣẹ́ ìlera Gásà sọ pé iye àwọn tó ti kú níbẹ̀ ti kọjá 67,000 nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2025, obìnrin àtọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ICC fi jáde lọ́jọ́ 21 oṣù kọkànlá 2024 pé kí wọ́n mú Benjamin Netanyahu, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà yẹn, àti Yoav Gallant tó ti jẹ́ mínísítà ààbò ẹ̀, kí wọ́n sì mú Mohammed Deif ti Hamas náà, lọ́jọ́ kan náà. Deif ti kú ní tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fi òfin de ẹnì kan tẹ́ ẹ wá ń tú ẹnì kejì sílẹ̀, ẹ ti kúrò lórí òfin, ẹ ti dé orí bọ́ọ̀lù.

Tí òfin bá ti sọ̀rọ̀ tán, ta ló máa mú un ṣẹ?

Ìgbìmọ̀ Ààbò UN nìkan ló lágbára ẹ̀, orílẹ̀-èdè márùn-ún sì wà níbẹ̀ tó lè lo fítò, ìyẹn agbára láti fi ìbò ẹyọ kan dí ìpinnu, Amẹ́ríkà sì ti lò ó fún Ísírẹ́lì lọ́pọ̀ ìgbà. Ìgbà kan tí kò lò ó, ní oṣù kejìlá 2016, ìpinnu 2334 kọjá pẹ̀lú ìbò 14, ó ní ìletò ò bófin mu. Wọ́n ń kọ́ ọ lọ. Àpéjọ Gbogbogbò dìbò ní oṣù kẹsàn-án 2024, 124 sí 14, pé kí Ísírẹ́lì kúrò láàárín oṣù 12. Oṣù 12 pé, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ẹ má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni o. Lọ́jọ́ 30 oṣù kejìlá 2014, Jọ́dánì gbé ìwé kan wá sí Ìgbìmọ̀ Ààbò pé kí Ísírẹ́lì kúrò ní West Bank kó tó di ìparí 2017. Ìbò mẹ́sàn-án ni ìwé náà nílò, Nàìjíríà sì wà lórí ìjókòó nígbà yẹn, gbogbo èèyàn rò pé a máa ní bẹ́ẹ̀ ni torí a ti gba Palẹ́sítínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè láti 1988. Netanyahu pe Ààrẹ Goodluck Jonathan lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n dìbò, Nàìjíríà ní òun ò dá sí i. Ìbò mẹ́jọ ni wọ́n rí. Ó ku ẹyọ kan, tiwa ni ẹyọ yẹn ì bá jẹ́, Amẹ́ríkà ò tiẹ̀ nílò fítò lọ́jọ́ náà.

Togo ńkọ́, ṣé òótọ́ ni pé òun náà ti gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì rí?

Nígbà tí UN dìbò ní oṣù kejìlá 2017 lórí pé Donald Trump kéde Jerúsálẹ́mù gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú Ísírẹ́lì, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án péré ló gbè sẹ́yìn Amẹ́ríkà tá a bá ka òun fúnra ẹ̀ mọ́ wọn, Togo nìkan ló wá láti Áfíríkà.

Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba Palẹ́sítínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní 2025, kí nìyẹn yí padà?

Ó yí ìwé padà, kò yí sẹ́kípọ́ìǹtì padà. Àwọn tó kọ lẹ́tà Balfour ló pàpà sọ ọ́ lẹ́yìn ọdún 108, ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìdáwọ́ ìjà Gásà ti oṣù kẹwàá 2025, ṣé òun ni àlàáfíà tá à ń retí?

Ó dá ogun ńlá dúró lọ́jọ́ 10, àwọn ogún tó ṣì wà láàyè lára àwọn tí wọ́n jí gbé padà sílé lọ́jọ́ 13, Ísírẹ́lì tú àwọn ará Palẹ́sítínì tó lé ní ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, inú wa dùn sí ìyẹn. Lọ́jọ́ 17 oṣù kọkànlá, Ìgbìmọ̀ Ààbò fi ìpinnu 2803 tì í lẹ́yìn, ìbò 13, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ò dá sí i. Ẹ wá ka inú ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó máa ṣàkóso Gásà wà níbẹ̀, ṣọ́jà ilẹ̀ òkèèrè wà níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Palẹ́sítínì? Wọ́n ní ọ̀nà ẹ̀ lè ṣí tí ìjọba wọn bá ti tún ara ẹ̀ ṣe tán tí àtúnkọ́ Gásà sì ti ń lọ. Jerúsálẹ́mù ńkọ́, ìletò ńkọ́, àwọn asásálà ńkọ́? Wọ́n tún ti sún un síwájú.

Tí Netanyahu bá balẹ̀ sí Abuja lọ́la, ṣé wọ́n máa mú un?

Lórí ìwé, dandan ni. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí òfin ICC láti 2001. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tá a ti ṣe rí. Ní oṣù keje 2013, Omar al-Bashir, ààrẹ Sudan nígbà yẹn, tí ICC ti ní kí wọ́n mú torí Darfur, wọ Abuja wá ṣe ìpàdé African Union.  Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn lọ́yà Nàìjíríà sáré lọ kóòtù kí wọ́n lè mú un, ìròyìn gbòde, kò lò tó ọjọ́ méjì tó fi bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bi ìjọba kí ló dé tí wọn ò mú un, wọ́n ní AU ló pè é wá, kì í ṣe àwọn.